Kí Ẹ Tó Tẹ̀ka: Ìtàn Ìwé Àṣẹ fún Ìwádìí Lára Ènìyàn

Ọ̀rọ̀ wa lónìí kan gbogbo wa, àtọmọdé àtàgbà.

Àwọn ènìyàn máa ń ti Kútọnu, Abomey-Calavi àti Parakou wá sí abúlé wa láti ṣe ìwádìí. Àwọn kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, àwọn kan jẹ́ dókítà, àwọn mìíràn jẹ́ olùkọ́. Àwọn kan kàn ń béèrè ọ̀rọ̀: Ọmọ mélòó lẹ bí? Omi wo lẹ ń mu? Kí lẹ máa ń ṣe bí ara ọmọ bá gbóná? Àwọn mìíràn fẹ́ gún ọmọ níka kí wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Àwọn mìíràn sì fẹ́ kí a lo oògùn tuntun, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á mú ìwé kan jáde, wọ́n á ní: "Ẹ fọwọ́ síbí," tàbí "Ẹ tẹ̀ka síbí."

Kí ni ìwé yẹn? Ta ló ní kí wọ́n máa mú un wá? Ṣé ènìyàn lè sọ pé òun kò fẹ́? Inú ìtàn ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Àwọn àgbà ní, ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìwé yẹn kò ṣàdédé wà. Àwọn kan ti jìn sí kòtò kí ó tó dé ọwọ́ wa.

1. Ìdájọ́ ìlú Nuremberg

Ogun àgbáyé kejì parí ní ọdún 1945. Nígbà tí ogun náà ń lọ, àwọn dókítà kan ní ilẹ̀ Jámánì ń fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n dánra wò. Wọ́n ti àwọn kan sínú omi tútù bíi yìnyín, kí wọ́n lè mọ bí ènìyàn ti lè pẹ́ tó nínú òtútù kí ó tó kú. Wọ́n fi àrùn ibà sára àwọn mìíràn, kí wọ́n lè rí ẹni tí wọn yóò fi oògùn dán wò. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ó fẹ́ tàbí kò fẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1946, ẹjọ́ àwọn ènìyàn 23 bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Nuremberg. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ dókítà. Àwọn agbẹjọ́rò wọn ní kò sí òfin kan ní gbogbo ayé tó sọ ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn adájọ́ kò gbà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1947, wọ́n dá 16 lẹ́bi. Wọ́n yẹgi fún 7 nínú wọn ní ọdún 1948.

Àwọn adájọ́ náà tún kọ ìlànà 10 sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ìkíní nínú wọn ni pé ẹni tí a fẹ́ ṣe ìwádìí lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí ipá, láìsí ẹ̀tàn, kí ó sì mọ ohun tí ó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún. Ìlànà yìí wà lára ohun tí ìwé ìyọ̀ǹda òde òní dúró lé lórí.

Ní ọdún 1964, ẹgbẹ́ àwọn dókítà gbogbo àgbáyé pàdé ní ìlú Helsinki, ní ilẹ̀ Finland. Wọ́n kọ ìlànà tiwọn. Ní ọdún 1975 wọ́n fi ohun kan kún un: ìyọ̀ǹda nìkan kò tó. Olùwádìí gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ó fẹ́ ṣe sílẹ̀ ṣáájú, kí ìgbìmọ̀ kan tí kò sí nínú iṣẹ́ náà sì yẹ̀ ẹ́ wò. Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní ìgbìmọ̀ ìwà ẹ̀tọ́. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó ń ta ọjà kọ́ ni yóò sọ pé ọjà òun dára. Ojú ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ bá a wò ó.

2. Àwọn àgbẹ̀ Tuskegee

Ẹ má ṣe rò pé ní àkókò ogun nìkan ni irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn dúdú bíi tiwa, àwọn àgbẹ̀ bíi tiwa, láìsí ogun kankan.

Ní ọdún 1932, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní agbègbè Macon, nítòsí ìlú Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Wọ́n kó ọkùnrin 600 jọ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ tálákà tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò kàwé. 399 nínú wọn ní àrùn sífílísì, àrùn tí ọkùnrin àti obìnrin ń kó ran ara wọn. 201 yòókù kò ní i. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí àrùn náà ń ṣe lára ènìyàn bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Wọn kò sọ orúkọ àrùn náà fún àwọn ọkùnrin yìí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn ló bàjẹ́. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n rò pé ìtọ́jú ni wọ́n ń gbà. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń fún wọn ní oúnjẹ gbígbóná. Wọ́n tún ṣèlérí owó ìsìnkú fún wọn. Ẹ̀yin ará, ta ni kò fẹ́ kí wọ́n sin òun dáadáa? Ṣùgbọ́n ohun tó wà nídìí owó náà ni pé àwọn dókítà fẹ́ la òkú wọn wò kí wọ́n tó sin ín.

Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1947, oògùn penicillin ti di oògùn tí gbogbo dókítà fi ń wo àrùn yìí. Abẹ́rẹ́ náà wà. Wọn kò fún wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo bí àrùn ṣe ń jẹ ènìyàn. Àwọn kan fọ́jú, àwọn kan ya wèrè, àwọn kan kú. Àwọn ìyàwó kan kó o, a sì bí àwọn ọmọ kan pẹ̀lú rẹ̀.

Ogójì ọdún ni èyí fi ń lọ. Òṣìṣẹ́ ìlera kan tí ń jẹ́ Peter Buxtun ń fi ẹ̀sùn sùn láti ọdún 1966, wọn kò dá a lóhùn. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà dé inú ìwé ìròyìn ní oṣù Keje ọdún 1972 ni wọ́n tó dá iṣẹ́ náà dúró. Ní ọdún 1974, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé yunifásítì àti ilé ìwòsàn tó bá ń gba owó ìjọba fún irú ìwádìí báyìí gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ tí yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 1997, Ààrẹ Clinton tọrọ àforíjì lórúkọ orílẹ̀-èdè náà. Díẹ̀ péré nínú àwọn ọkùnrin náà ló ṣẹ́kù láyé láti gbọ́ ọ.

3. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa

Ní ayé ìjọba Faransé, wọ́n máa ń pe gbogbo abúlé jọ sójú kan fún abẹ́rẹ́. Ẹni tí wọ́n bá pè gbọ́dọ̀ jáde. Ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ kan tí ń jẹ́ Lomidine láti fi dènà àrùn oorun, èyí tí irù ń fi sára ènìyàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1954, abẹ́rẹ́ náà yí padà di ìjàǹbá ní agbègbè Yokadouma. Ojú abẹ́rẹ́ wú, ẹran ara jẹrà. Ó ju 20 ènìyàn lọ tó kú. Iṣẹ́ ìlera ìjọba ni èyí, kì í ṣe ìwádìí yunifásítì. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá bí ó ti rí nígbà tí kò sí ẹni tó lè sọ pé: "Ẹ dúró ná, ẹ ṣàlàyé fún mi."

Èyí tó súnmọ́ wa jù ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1996, ní ìlú Kánò, ní Nàìjíríà. Àrùn yírùnyírùn bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Iléeṣẹ́ oògùn Pfizer láti Amẹ́ríkà wá sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn. Wọ́n mú ọmọdé bíi 200. Wọ́n fún ìdajì ní oògùn tuntun tí ń jẹ́ Trovan, wọ́n fún ìdajì yòókù ní oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. 11 nínú àwọn ọmọ náà kú: 5 nínú àwọn tó lo oògùn tuntun, 6 nínú àwọn tó lo ti tẹ́lẹ̀.

Ní òpin ọdún 2000, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Àwọn òbí kan ní àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Wọ́n ní àwọn rò pé ìtọ́jú lásán ni wọ́n ń fún ọmọ àwọn. Nígbà tí wọ́n béèrè ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwà ẹ̀tọ́, iléeṣẹ́ náà mú ìwé kan jáde. Àwọn oníròyìn wádìí ìwé náà. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé nígbà tí ìdánwò náà ń lọ, ilé ìwòsàn yẹn kò tíì ní ìgbìmọ̀ ìwà ẹ̀tọ́ rárá, àti pé ẹ̀yìn náà ni wọ́n kọ ìwé ọ̀hún.

Iléeṣẹ́ náà sọ pé àwọn kò jẹ̀bi. Wọ́n ní àwọn òbí fi ẹnu yọ̀ǹda, wọ́n sì ní oògùn náà gba ẹ̀mí là. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ní ọdún 2009, wọ́n fẹnu kò láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò.

Ṣùgbọ́n owó kò lè ra ìgbẹ́kẹ̀lé. Ní ọdún 2003, ìpínlẹ̀ Kánò dá abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ dúró fún nǹkan bí oṣù 11. Ọ̀rọ̀ Trovan wà lára ohun tó mú kí àwọn òbí máa fura sí oògùn òyìnbó. Àrùn náà tún tàn kálẹ̀, ó sì ba ẹsẹ̀ àwọn ọmọ jẹ́. Ẹ wo ohun tí ìwé àṣẹ tí kò sí lè dá sílẹ̀: nígbà tí oògùn tó dára dé, àwọn ènìyàn kọ̀ ọ́.

4. Ìwádìí gẹ́ẹ̀lì ní Kútọnu

Ní àkókò kan náà, ìwádìí ńlá kan ń lọ ní Kútọnu tiwa. Àrùn sidá, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní éèdì, ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn onímọ̀ ń wá ohun tí obìnrin lè fi dáàbò bo ara rẹ̀ bí ọkùnrin bá kọ̀ láti lo rọ́bà ìdáàbòbò. Wọ́n rò pé àwọ́n ti rí i: gẹ́ẹ̀lì kan, oògùn tó ń yọ̀, tí obìnrin yóò fi sí ojú ara. Oògùn inú rẹ̀, nonoxynol-9, kì í ṣe tuntun. Ó ti pẹ́ tí àwọn obìnrin ti ń lò ó láti má ṣe lóyún.

Láti ọdún 1996 dé ọdún 2000, wọ́n dán an wò ní Benin, Côte d'Ivoire, Gúúsù Áfíríkà àti Thailand. Àwọn obìnrin tí iṣẹ́ wọn ń mú wọn bá ọ̀pọ̀ ọkùnrin pàdé ni wọ́n bá wọn kópa, nítorí àwọn ni ewu náà súnmọ́ jù. Ìdajì ń lo gẹ́ẹ̀lì tó ní oògùn nínú. Ìdajì ń lo èyí tó jọ ọ́, tí oògùn yẹn kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n tún ń fún gbogbo wọn ní rọ́bà ìdáàbòbò, wọ́n sì ń gbà wọ́n nímọ̀ràn láti máa lò ó.

Àgbẹ̀ mọ irú ìdánwò yìí. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ajílẹ̀ tuntun dára, yóò fi sí apá kan oko, yóò fi apá kejì sílẹ̀, yóò sì fi wọ́n wéra nígbà ìkórè. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe àgbàdo. A kò lè pín ènìyàn sí méjì báyìí láìjẹ́ pé a ti sọ fún un pé: "A kò tíì mọ̀ bóyá oògùn yìí dára. A kò sì ní sọ fún ọ irú èyí tí ó bọ́ sí ọ lọ́wọ́."

Nígbà tí wọ́n ka àbájáde rẹ̀, ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Nínú obìnrin 376 tó lo gẹ́ẹ̀lì tó ní oògùn, 59 kó kòkòrò àrùn sidá. Nínú 389 tó lo èkejì, 45 ló kó o. Ohun tí a rò pé yóò dáàbò bò wọ́n, ewu ló tún fi kún ewu, pàápàá fún àwọn tó ń lò ó lemọ́lemọ́ lójúmọ́. Lẹ́yìn náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo oògùn yìí láti fi dènà sidá mọ́.

Ní ọdún 2005, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn pẹ̀lú gẹ́ẹ̀lì mìíràn tí ń jẹ́ cellulose sulfate. Kútọnu tún wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìlú ní Uganda, Gúúsù Áfíríkà àti Íńdíà. Àwọn ìgbìmọ̀ olùṣọ́ kan wà tí kì í ṣe ara àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tiwọn ni láti máa ka iye àwọn tó ń kó àrùn bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, wọ́n rí i pé nǹkan kò lọ bí ó ti yẹ. Wọ́n ní: "Ẹ dá a dúró." Wọ́n sì dá a dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ kò tíì parí, owó ńlá sì ti wọlé. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ tán, nínú obìnrin 1,398, 25 ló kó àrùn ní apá àwọn tó lo oògùn, 16 sì ni ní apá kejì. Wọn kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé gẹ́ẹ̀lì náà ló fà á. Ṣùgbọ́n ó dájú pé kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ Kútọnu wé ti Tuskegee. Ní Tuskegee, àwọn dókítà mọ òtítọ́, wọ́n fi í pamọ́. Ní Kútọnu, àwọn olùwádìí kò mọ òtítọ́, wọ́n ń wá a, ohun tí wọ́n sì retí kọ́ ni wọ́n bá. Èyí kọ́ wa pé ọkàn rere olùwádìí nìkan kò tó. Ẹni rere pàápàá lè ṣe àṣìṣe. Ìdí nìyẹn tí ojú mìíràn fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì tún wà níbẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ní ti àwọn obìnrin náà, gbogbo ayé jẹ wọ́n ní gbèsè ọpẹ́. Nípasẹ̀ wọn ni a fi mọ̀.

5. Òfin ilẹ̀ Benin

Ní ilẹ̀ wa, yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, nígbà tí orúkọ orílẹ̀-èdè wa ṣì jẹ́ Dahomey. Òun ni a ń pè ní Yunifásítì Abomey-Calavi láti ọdún 2001. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ wà ní Kútọnu, ó sì ní ìgbìmọ̀ ìwà ẹ̀tọ́ tirẹ̀ kí òfin orílẹ̀-èdè tó jáde. Ìgbìmọ̀ yìí ló yẹ ìwádìí kan wò nípa oògùn tó ń dènà ibà fún àwọn aboyún ní Ouidah, láti ọdún 2005 sí 2008. Aboyún 1,601 ló kópa níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2010, òfin tiwa jáde: òfin nọ́ńbà 2010-40. Òun ni ìlànà ìwà ẹ̀tọ́ fún ìwádìí lórí ìlera ní ilẹ̀ Benin. Ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń bójú tó o ni wọ́n ń fi èdè Faransé pè ní Comité National d'Éthique pour la Recherche en Santé. Lórí ìwé, ẹ ó rí i ní lẹ́tà márùn-ún: CNERS. Ẹ kọ lẹ́tà márùn-ún náà sínú ìwé yín, kí ẹ lè dá wọn mọ̀ bí ẹ bá rí wọn.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yìí ni láti lé àwọn olùwádìí sẹ́yìn. Láti ọdún 2020, wọ́n dán àwọ̀n ẹ̀fọn tuntun wò ní agbègbè Covè, Zagnanado àti Ouinhi. Wọ́n pín agbègbè náà sí ọ̀nà 60, wọ́n sì pín irú àwọ̀n mẹ́ta fún wọn. Ìgbìmọ̀ náà yẹ iṣẹ́ yìí wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 2, ibà àwọn ọmọ tó sùn lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àwọ̀n tuntun náà dín ní nǹkan bí 46 nínú 100, bí a bá fi wé ti àwọn tó sùn lábẹ́ irú àwọ̀n àtijọ́. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àwọn orílẹ̀-èdè máa lo irú àwọ̀n yìí. Ará abúlé ilẹ̀ Benin wà lára àwọn tó jẹ́ kí ayé mọ èyí. Ìwádìí tó ní àṣẹ, tó sì bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, ń gba ẹ̀mí là.

6. Bí olùwádìí ṣe ń gba ìwé àṣẹ

Olùwádìí kò lè kàn gbé àpò rẹ̀ kó bọ́ sọ́nà. Yóò kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tí ó fẹ́ ṣe sínú ìwé. Kí ni ó fẹ́ mọ̀? Kí ló dé tí ó fi ṣe pàtàkì? Ènìyàn mélòó ni yóò pè? Kí ni yóò ṣe lára wọn? Ewu wo ló wà níbẹ̀? Bí ewu bá ṣẹlẹ̀, ta ni yóò tọ́jú wọn? Níbo ni yóò fi orúkọ wọn pamọ́ sí? Yóò tún so ìwé ìyọ̀ǹda tí yóò kà fún wa mọ́ ọn.

Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé e lórí. Dókítà nìkan kọ́ ló máa ń wà nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Amòfin máa ń wà níbẹ̀, àti ẹni tó mọ àṣà ìlú, àti ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ìṣègùn rárá. Wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n lè dá ìwé náà padà kí ó lọ tún un ṣe. Wọ́n lè sọ pé rárá. Bí wọ́n bá gbà, wọ́n á fún un ní ìwé àṣẹ tó ní ọjọ́ àti òǹtẹ̀. Bí ó bá fẹ́ yí nǹkan kan padà lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ padà lọ sọ́dọ̀ wọn.

7. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ tiwa

Ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ kò gba ipò ìyọ̀ǹda yín. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ pé. Ìgbìmọ̀ lè sọ pé iṣẹ́ náà tọ́. Ẹ̀yin nìkan ló lè sọ pé ẹ fẹ́ kópa nínú rẹ̀.

Olùwádìí tó mọ̀wà hù yóò kọ́kọ́ kí baálẹ̀ kí ó tó wọ abúlé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n baálẹ̀ kò lè yọ̀ǹda ara ẹlòmíràn. Ó lè ní: "Ẹ wọlé." Kò lè ní: "Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ ìyá yìí." Bákan náà ni àgbàlagbà obìnrin: ẹnu tirẹ̀ ni yóò fi yọ̀ǹda. Ní ti ọmọdé, òbí rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, bí ọmọ náà bá ti gbọ́njú, wọ́n gbọ́dọ̀ bi òun náà.

Ẹni tí kò bá lè kàwé, wọ́n gbọ́dọ̀ ka ìwé náà fún un ní èdè tí ó gbọ́. Kí ẹlẹ́rìí kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ọmọọṣẹ́ olùwádìí. Ẹ lè mú ẹni tí ẹ fọkàn tán wá, ìbáà ṣe ọmọ yín tàbí ẹnikẹ́ni tó mọ̀wé nínú kíláàsì yín.

Kí ẹ tó tẹ̀ka, ẹ béèrè ohun mẹ́fà yìí:

Kìíní: Ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ dà? Ẹ jẹ́ kí á rí i, kí á sì rí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀.

Kejì: Ṣé ìtọ́jú ni èyí, tàbí ìwádìí? Ìbéèrè yìí ni wọn ò dá àwọn ará Tuskegee lóhùn.

Kẹta: Ewu wo ló wà níbẹ̀, ta ni yóò sì tọ́jú mi bí nǹkan bá ṣe mí?

Kẹrin: Bí mo bá kọ̀, tàbí bí mo bá fi í sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ṣé wọn kò ní dá mi padà ní ilé ìwòsàn? Ìdáhùn tó tọ́ ni pé wọn kò gbọ́dọ̀ dá yín padà. Ìtọ́jú yín kò gbọ́dọ̀ dín kù.

Karùn-ún: Ta ni yóò mọ orúkọ mi àti ọ̀rọ̀ tí mo sọ? Láti ọdún 2018, òfin ilẹ̀ Benin lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì tún ń dáàbò bo ohun tí ẹlòmíràn bá kọ sílẹ̀ nípa yín.

Kẹfà: Ṣé ẹ ó padà wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa?

Wọ́n lè fún yín ní owó ọkọ̀ tàbí oúnjẹ fún ọjọ́ tí ẹ kò lọ sóko. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n bí owó bá pọ̀ débi pé ó dí yín lẹ́nu ìbéèrè, ẹ rántí owó ìsìnkú Tuskegee.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi. Olùwádìí tó gba àṣẹ yóò fi sùúrù dá yín lóhùn, nítorí òun náà mọ̀ pé ara òfin ni. Ẹni tó bá ń kánjú kí ẹ tẹ̀ka, ẹ ní kí ó padà wá lọ́la. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà sílé, kí ẹ kà á ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà tí ẹ ń kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ wúlò fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kà á tán tí ó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fọwọ́ sí i pẹ̀lú ayọ̀. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní rárá. Ìdáhùn méjèèjì ló bófin mu.

Ìbéèrè fún àwọn ẹgbẹ́ olùgbọ́ rédíò

1. Kí ló dé tí wọn kò sọ orúkọ àrùn náà fún àwọn àgbẹ̀ Tuskegee?

2. Ní ọdún 2007, ta ló ní kí wọ́n dá ìwádìí gẹ́ẹ̀lì dúró? Kí ló dé tí kò fi jẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà?

3. Ǹjẹ́ àwọn olùwádìí ti wá sí abúlé yín rí? Èwo nínú ìbéèrè mẹ́fà òkè yìí ni ẹ bi wọ́n? Èwo ni ẹ ó bi wọ́n bí wọ́n bá tún padà wá?